Ẹni Tí Yóò Ṣàkóso Iná, Kó Kọ́kọ́ Kéde Ìpín Rẹ̀

Lábẹ́ òfin iná mànàmáná ọdún 2023, ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa fún àwọn iléeṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ, tí yóò sì máa fọwọ́ sí iye owó tí wọn yóò gbà. Ẹni tí ìjọba Ògùn bá yàn sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni, kí wọ́n rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bart Nnaji.

Ní ti ìmọ̀, ọkùnrin náà tó tán. Ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ó ṣe mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1993, ó dá iléeṣẹ́ iná Geometric Power sílẹ̀, ó di olùdámọ̀ràn Ààrẹ Jonathan lórí iná ní 2010, ó sì di mínísítà iná ní 2011. Lásìkò rẹ̀, iná tí à ń pèsè gòkè kọjá 4,000 mẹ́gáwáàtì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ń ta àwọn iléeṣẹ́ iná fún aládàáni, ó hàn pé iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń du ilé iná Afam àti iléeṣẹ́ apínná Enugu. Ó ní òun ti kéde rẹ̀, òun sì ti fi ìpín òun sí abẹ́ àbójútó ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. A kò pè é lólè o. Ilé iná tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sí Aba, tí wọ́n ṣí ní 2024, fi hàn pé ó mọ iṣẹ́. Ìdí gan-an nìyẹn tí àdánù náà fi pọ̀.

Ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ní Òkè-Ajé, tó ń fi àpò bo fíríísà bí iná bá ti lọ, tó tún ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, kò ní lọ́yà tí yóò bá a wádìí ẹni tó nípìn-ín nínú iléeṣẹ́ tó ń kọ bíìlì fún un. Ìwé ìkéde dúkìá tí òfin là sílẹ̀ kì í sì í dé etí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yàn gbọ́dọ̀ kéde ìpín òun àti ti ẹbí rẹ̀ ní gbangba, kó sì tà á pátápátá. Kí a má tún gbọ́ pé ẹnìkan ń bá a tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan yóò ní àwọn tó mọ iṣẹ́ kò ní gbà. Ẹni tí kò bá gbà, kó dúró ti òwò rẹ̀. A nílò àwọn oníṣòwò iná náà. Àwọn aṣòfin Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà l'Ókè-Mosàn ni kó kọ́kọ́ béèrè ìwé yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí orúkọ kankan.