Goya fúnra rẹ̀ ló dojú bolẹ̀ yẹn
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọkùnrin tó dojú bo tábìlì nínú àwòrán Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1799, ẹ rọra o. Ara tábìlì náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lédè Sípéènì: bí làákàyè bá sùn, abàmì ló ń bí. Ta ló wá fojú pamọ́? Nínú àwòrán àkọ́yà ti 1797, Goya kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tó yà á ló ń lálàá, òun sì fẹ́ lé ìgbàgbọ́ tó ń pani lára lọ. Lóòótọ́, òwìwí wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán náà, ẹyẹ àjẹ́ sì ni òwìwí lọ́dọ̀ tiwa, ojú yẹn lẹ fi wò ó. Ẹ wo òwìwí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rẹ̀ dáadáa: ohun ìyàwòrán ló ń nà sí i.