Ojú wíwò kọ́ ló ń jẹ́ kí Àpólò ranni

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Níbi ìkómọ kan ní Kétu, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n kuku gbé omi wá fún àlejò. Kíá ni ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì wá, tí wọ́n kàwé dáadáa, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní: "Ẹ má wò ó o, Àpólò ni. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó lójú, ó ti di tiyín nìyẹn." Gbogbo èèyàn gbójú kúrò. Wọ́n sì gba ife lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo rí ẹni tó fi ọwọ́ tó fi gba ife nu òógùn ojú rẹ̀. Mo bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, àmọ́ ìlù ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tí ojú ń ṣe, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà fẹ̀yìn tì. Ojú kì í rán nǹkan jáde, gbígbà ló ń gbà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti iná á bọ́ sára ẹni tó wà níwájú rẹ, á ta padà, á kọjá lára awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú rẹ, á gba ọmọlójú wọlé, á sì lọ bà lé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Awọ yìí ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìròyìn tí iṣan ojú ń gbé lọ bá ọpọlọ. Kò sí ohun tó ń ti ojú aláìsàn wá bá ojú rẹ nígbà tó o bá ń wò ó, àfi ìmọ́lẹ̀ yìí, irú èyí tó ń ti ara ògiri àti ara ewé wá bá ọ náà ni. Ìmọ́lẹ̀ kì í ru kòkòrò. Tó bá ń rù ú ni, fọ́tò aláìsàn náà ì bá máa ranni.

Kì í ṣe òní la mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì bíi Euclid gbà pé ojú ló ń ta ìtànṣán jáde lọ bá ohun tó ń wò. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra nílẹ̀ Ìráàkì ní nǹkan bí ọdún 965, tó sì ṣiṣẹ́ ní Káírò, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní béèyàn bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú á máa ro ó, ìta sì ni ohun tó ń dun ojú yẹn ti wá. Ó ní téèyàn bá wo ohun tó mọ́lẹ̀ rokoṣo tó wá dijú, á ṣì máa rí àwòrán rẹ̀ fúngbà díẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, ó sì ti ṣe nǹkan sí ojú. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí! Ohun tó já nírọ́ nígbà yẹn la ṣì fi ń dẹ́rù ba ọmọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́.

Ẹni tí kò bá gba ti ọ̀mọ̀wé, kó gba ti bàbá àgbà kan nínú agbo ilé wa. Ojú wọn ti fọ́ pátápátá kí n tó mọ̀ wọ́n. Wọn ò rí ìmọ́lẹ̀, kí á má tíì sọ ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Àpólò wọ agbo ilé, àwọn náà kó o. Aṣọ ìnura kan ló wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, àárín rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ kì í sì í gbẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ tí ìpin lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀ á jí, á bọ́jú, á fi aṣọ yẹn nu ún, á gbé e kọ́ padà. Ọmọ yìí kan náà ló ń bu omi fún bàbá, òun ló sì ń fa aṣọ ìnura náà lé wọn lọ́wọ́. Ojú ta ni bàbá wò?

Ibi tí àrùn náà ń gbà nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, inú omijé àti ìpin ló sì wà. Ọwọ́ tó bá nu ojú á gbé e lọ sára ife, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, bírò, ìrọ̀rí, owó. Ọwọ́ mìíràn á gbé e níbẹ̀, á sì fi nu ojú tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ojú á ti pọ́n. Mo ti rí i ní kíláàsì: wọ́n ní kí ọmọ tó ní Àpólò dojú kọ ògiri, àmọ́ rúlà rẹ̀ ń kiri láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Àwọn dókítà ojú wá ńkọ́? Wọ́n ń fi iná tan ojú tó pọ́n, wọ́n ń wò ó nítòsí bíi kí imú kan imú, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti dáàbò bo ara wọn ni kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n sì fọ irin iṣẹ́ wọn mọ́. Wọn kì í dijú. Awò dúdú tí aláìsàn ń lò dáa fún un, torí ìmọ́lẹ̀ ń ni ojú tó ń ro èèyàn lára. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ààbò tiwa.

"Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ó báyìí lojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi." Mo gbọ́. Ètò iṣan kan wà lára wa tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Òun ló ń darí lílù ọkàn, òun ló ń fún ọmọlójú pọ̀ nínú oòrùn tó sì ń là á nínú òkùnkùn, òun náà ló ń darí omijé. Tẹ́nì kan bá ń mu ọsàn wẹ́wẹ́ níwájú rẹ, itọ́ á kún ọ lẹ́nu láìjẹ́ pé o tọ́ ọ wò, ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣomi yìí kò sì jìnnà síyẹn. Ìbẹ̀rù á mú ojú rin ọ́, ìwọ á sì fi ọwọ́ tí o kò fọ̀ nu ún.

Ti òṣùpá tiẹ̀ tún wà níbẹ̀, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló kó o bọ̀ látọ̀hún. Oṣù kẹfà ọdún 1969 ni àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Àkírà, ní Gánà. Ọjọ́ 16 oṣù keje ni Apollo 11, ọkọ̀ tí wọ́n fi lọ sí òṣùpá, gbéra kúrò láyé, ọjọ́ 24 ló padà dé. Orúkọ lásán ló bá a.

Mo gbà pé ẹlòmíràn máa ń kó o tí kò ní mọ ibi tó ti fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ò sọ pé ojú ló fi gbà á.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé bí ojú bá ti pọ́n tán báyìí, ìtọ̀ ni wọ́n á sọ pé kí wọ́n kán sí i, tàbí oje ewé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má ṣe é. Ìtọ̀ ẹni tó ní àtọ̀sí lè gbé kòkòrò àtọ̀sí wọ ojú, kòkòrò yẹn sì lè dá awọ iwájú ẹyinjú lu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àpólò fúnra rẹ̀ sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Omi mímọ́ tútù àti aṣọ mímọ́ tí ẹlòmíràn ò lò ti tó láti fi tù ú lára. Tí ojú bá ń dun èèyàn gidigidi, tí ìríran bá ń ṣú, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ tuntun ni ojú rẹ̀ ń ṣe ìpin, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.