Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa fún ẹran tí ara rẹ̀ dá ní oògùn apakòkòrò (antibiotic, oògùn tó ń bá bakitéríà jà)?

Olùsìn-Adìẹ: Èrò mi ni pé kò sí ohun tó burú nínú pípo tetracycline, ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò, mọ́ omi adìẹ kí àìsàn tó dé. Bí ọ̀kan bá kó àrùn, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè ti ran gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ayọ̀wò: Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe. Penicillin, oògùn apakòkòrò mìíràn, kì í jẹ́ kí bakitéríà tó ń dàgbà rí ògiri tó yí i ká mọ dáadáa, títí tí yóò fi bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹran kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í fara gbá nínú rẹ̀. Tetracycline ní tirẹ̀ máa ń dí ibi tí bakitéríà ti ń ṣe purotéènì. Kì í sábà pa á, ńṣe ló ń dá a dúró kí ara ẹran fúnra rẹ̀ lè borí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn kò tíì sí, àwọn bakitéríà inú ìfun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi ni oògùn yín ń bá jà, èyí tí oògùn kò sì ràn nínú wọn ni yóò máa bí sí i.

Olùsìn-Adìẹ: Ẹ má gbàgbé pé ó tún ń mú ẹran tètè sanra.

Àgbà-Ọ̀nà: Lílò ó fún àtisanra yẹn gan-an ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè láti ọdún 2006. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde mcr-1, àbùdá kan tí kì í jẹ́ kí colistin ran bakitéríà, tí wọ́n rí lára ẹlẹ́dẹ̀, nínú ẹran títà àti lára aláìsàn. Colistin wà lára oògùn tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ di ìgbà tí òmíràn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń pò ó mọ́ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ní Ṣáínà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bakitéríà kan lè fi àbùdá yìí lé òmíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan.

Olùsìn-Adìẹ: Ṣé kí a wá káwọ́ gbera títí adìẹ yóò fi kú tán? Dókítà ẹran kì í sí nítòsí nígbà gbogbo.

Ayọ̀wò: Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí àìsàn bakitéríà bá ti hàn lára díẹ̀, dókítà lè ní kí ẹ tọ́jú gbogbo agbo. Àrùn Newcastle tó ń pa adìẹ lọ́pọ̀, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kò ní ògiri tí penicillin lè bà jẹ́, àjẹsára ni ààbò rẹ̀.

Olóko-Wàrà: Kí ẹ tó lo oògùn rárá, ẹ gba àpẹẹrẹ fún àyẹ̀wò, nítorí pé lẹ́yìn ìwọ̀n àkọ́kọ́, bakitéríà náà lè má hù mọ́ ní yàrá àyẹ̀wò.