Afẹ́fẹ́ púpọ̀ nìkan kò tó
N kò fara mọ́ ibi tí ìròyìn kan lórí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ti sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣáà ti pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, epo bẹntiróòlù yóò jó tán. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń yí gbirigbiri nínú sìlíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnì tí epo ti ń jó, ni mo kà sí jù, nítorí pé òun ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, òun náà ló sì ń mú kí iná tí púlọ́ọ̀gì ṣá tètè ràn kárí, kí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, tó sọ̀ kalẹ̀ jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé ṣáájú mi, tí ẹ ní ká yọ fílítà tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: lásìkò ọyẹ́ ni mo tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan tí wọ́n ti yọ fílítà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, eruku pupa sì ti họ ara sìlíńdà rẹ̀ yánnayànna.