Àtúnṣe: Ẹni tó gbé kóòdù rẹ̀ síta kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé

Wọ́n ń pín in kiri pé ẹni tó bá gbé kóòdù (ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) tó fi ṣe ìgbafẹ́ sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín kóòdù, gbọ́dọ̀ kọ ìwé àlàyé sí i, kó sì máa dá gbogbo oníbéèrè lóhùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti rú òfin. Irọ́ ni.

Ẹ ka ìwé àṣẹ MIT, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó ń sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù ẹlòmíì; kò kún ojú ìwé kan. Ó ní bí ẹ ṣe bá kóòdù náà ni kí ẹ gbà á: kò sí ìdánilójú kankan, bó bá sì ba nǹkan yín jẹ́, ẹ má bi ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀dà kejì GPL, ìwé àṣẹ mìíràn, tó jáde ní 1991, sọ bẹ́ẹ̀ náà, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ló tilẹ̀ fi sọ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Linus Torvalds kéde Linux, ètò tó kọ láti máa darí kọ̀ǹpútà, ó sì ní ìgbafẹ́ lásán ni òun fi í ṣe.

Àìsí ìwé àṣẹ gan-an ló yẹ kó kọ yín lóminú. Kóòdù tí kò bá ní in ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Pé ẹ rí i kà kò túmọ̀ sí pé ẹ lè mú un lò.

Bí ìbéèrè bá sì pọ̀ jù, GitHub gbà yín láyè láti ti ilẹ̀kùn kóòdù yín: ẹni tó bá wù lè kà á, kó sì ṣe ẹ̀dà tirẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa lè fi ẹ̀sùn tàbí ìbéèrè tuntun síbẹ̀ mọ́.