Ẹ yéé gbé kẹrosíìnì wá bá mi, kílíà mọ́tò mi ti bó!

Ẹni tó bá tún la ẹnu sọ fún mi pé kí n fi kẹrosíìnì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi torí kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán lórí àwọ̀ mọ́tò, ti bó, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà lọ́jọ́ náà. Ó ti sú mi. Gbogbo Ìlọrin ló ti di dókítà mọ́tò. Mo dúró ní Challenge, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ń gbà mí nímọ̀ràn. Mo kírun Jímọ̀ tán, mi ò tíì rí bàtà mi wọ̀ tí Àlájì kan ti ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Ọmọ mi, ṣé o kì í fọ mọ́tò yìí ni?"

Mo ń fọ̀ ọ́, sà! Bóyá ni ẹ ń fọ tiyín tó bẹ́ẹ̀.

Camry Big Daddy ni, ti ọdún 2004, aláwọ̀ aró. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, gíà rẹ̀ ò já, ẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tutù nini. Àmọ́ òrùlé rẹ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ṣe funfun-funfun káàkiri, wọ́n ń bó bí awọ ejò. Kílíà tí wọ́n ń fín lé àwọ̀ mọ́tò láti iléeṣẹ́, bíi 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù ni, kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Ibi tó bá kọjú sókè ni oòrùn kọ́kọ́ máa ń jẹ. Mọ́tò tó ti lé lógún ọdún, tó ń sùn síta nínú oòrùn Ìlọrin, ti oṣù Kẹta pàápàá, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Kílíà tó ṣá àti kílíà tó bó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó kàn ṣá, tó ṣì wà lójú rẹ̀, kọ́ḿpáǹdì tó dáa, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń mú ojú ọ̀dà dán, lè jẹ́ kó dán padà, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí èékánná bá ti ń kọ́ etí rẹ̀, tó ti ń ká sókè, ó parí nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹ lè fi pa á tí kílíà mìíràn máa hù níbẹ̀. Kẹrosíìnì, ọṣẹ ìfọyín, òróró ìdáná, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tí wọn ò tíì dá lábàá fún mi. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò létí odò Àsà ò tilẹ̀ bi mí, ó kàn rẹ aṣọ sínú kẹrosíìnì, ó fi nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lóòótọ́, ó dán. Ó dán títí mo fi dé Tánkẹ̀! Eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́nà, ọṣẹ ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó kúrò. Wọ́n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé òróró yẹn kì í lọ tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fín kílíà tuntun lé e, kílíà á máa sá fún ojú ibẹ̀, á wá dá ihò wínníwínní síbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá pẹ́ńtà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́sẹẹsẹ: kó bó èyí tó ti kú kúrò, kó fi sáńpépà tẹ́ etí èyí tó kù títí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tó parí sí, kó fín àwọ̀ sí ibi tó bá jẹ wọlé, kó wá fín kílíà bo odindi bọ́nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ojú egbò nìkan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀sì mi, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látijọ́ ni." Nígbà tí mo padà dé, mọ́tò ń dán yanran. Mo sanwó, mo tún fi nǹkan lé e fáwọn ọmọ iṣẹ́.

Òjò ọdún ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ìlà etí kílíà àtijọ́ fi yọ ketekete lábẹ́ tuntun. Mo fi èékánná kọ́ ọ, ó sì bá ọwọ́ mi bọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gùn tó ìka mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán gbinrin. Kò sí ojú sáńpépà kankan níbẹ̀! Ó kàn nu eruku ni, ó sì fín in. Mo di abala yẹn sínú bébà, mo gbé e lọ bá a. Ṣé ẹ mọ ohun tó wí? "Oòrùn ni, bọ̀ọ̀sì. Oòrùn yìí ti pọ̀ jù."

Mo ní kò burú, n ó fọwọ́ ara mi ṣe é nílé. Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an lèèyàn fẹ́ fín kílíà ní Kwara? Lásìkò òjò, ọ̀rinrin á mú un funfun. Tí òjò bá lọ, ọyẹ́ á dé pẹ̀lú eruku. Mo yan ọyẹ́. Sáńpépà 800 àti omi, èmi àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ó ku kílíà. Èyí tó ń pẹ́ lára mọ́tò ni èyí tí wọ́n ń pò mọ́ hádínà, èròjà tó ń mú kó gbẹ kó sì le. Ti inú agolo tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní hádínà, tí pẹtiróòlù bá kán sí i, ó rọ̀ nìyẹn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé agolo ńlá kan wá, hádínà ti gbẹ mọ́ ìdérí rẹ̀, ó fẹ́ bù ú sínú ike omi fún mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń ba hádínà jẹ́, ẹ fún mi ní èyí tí wọn ò tíì ṣí." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Inú fóònù lẹ ti kà á?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kù níbẹ̀ ló sì ń bù ú tà bẹ́ẹ̀. Mo bá rà á.

Mi ò fẹ́ sọ ti iná tí wọ́n mú lọ bí mo ṣe so kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mọ́ ọn, tàbí ti ìyá ẹ̀yìnkùlé wa tó dáná sun pàǹtí lọ́jọ́ náà gan-an. Mo wọ ìbòmú alájọ̀, torí èéfín hádínà lóró fún ẹ̀dọ̀fóró, ìbòmú aláṣọ lásán ò sì lè dá a dúró. Àwọn ọmọ ilé wa ní egúngún ti wọ Ìlọrin.

Mo fín in. Ó tẹ́jú, ó dán, inú mi dùn. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tún mọ́, bákan náà ni. Labalábá kan bà lé àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò lè gbéra mọ́. Ọmọ àbúrò mi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ìka márààrún sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo eruku adúgbò ló wá sinmi lórí rẹ̀. Kílíà tí ò gbẹ yìí ni mo tún ń bó báyìí, ó ń dí ojú sáńpépà pa, èyí tí mo bá lò á sì di jíjùnù.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní mi ò pò ó dáadáa ni. Mo ní kílíà méjì sí hádínà kan ni wọ́n kọ sára agolo, ife ìwọ̀n ni mo sì fi wọ̀n ọ́n. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Oòrùn ló jẹ́. Oòrùn ò tó, ẹ rí i pé ọyẹ́ la wà."

Oòrùn ò tó! Pẹ́ńtà ní oòrùn ti pọ̀ jù, oníṣọ́ọ̀bù ní oòrùn ò tó, àwọn méjèèjì sì ti gbowó lọ́wọ́ mi. Èmi ò bá oòrùn dọ́jà o. Kó dá owó hádínà mi padà. Tí kò bá fẹ́ dá a padà, kó gbé agolo tí wọn ò tíì ṣí kalẹ̀, kí n fi ojú ara mi yẹ ìdérí rẹ̀ wò kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.