Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa lọ bá ìyá ọmọ nílé

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Bí obìnrin bá bímọ tán, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, ó tún di ọjọ́ abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù fún ọmọ tuntun. Láti 2009 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera lọ wo ìyá àti ọmọ nílé láàárín wákàtí 24, kó padà lọ ní ọjọ́ kẹta, bó bá sì ṣeé ṣe, kó tún lọ kí ọmọ tó pé ọjọ́ méje.

Àwọn nǹkan kan wà tí ojú kì í rí ní kílíníkì. Ẹ wo káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ nítorí kòkòrò. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á láti inú oyún wá. Bí wọ́n bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ibà pọ́njú lè kì wọ́n mọ́lẹ̀, tó bá sì le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ títí láé. Nọ́ọ̀sì tó wọ yàrá, tí wọ́n ṣí báàgì aṣọ ọmọ níṣojú ẹ̀, á gbọ́ òórùn káńfọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á sì bá ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ níbẹ̀. Ìyá àgbà ló ń pàṣẹ lórí ìwọ́ ọmọ àti omi gbígbóná. Ìyàwó tó gba ìmọ̀ràn ní kílíníkì ò lè délé kó máa bá ìyá ọkọ ẹ̀ jiyàn.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ló yẹ ká ti máa bẹ̀bẹ̀ fún èyí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láyé 1950 sí 1960, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti ń tọpa ìdàgbàsókè àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn, tó sì fi káàdì ìwọ̀n ọmọ ṣiṣẹ́, káàdì tó padà tàn ká ayé.

Ẹ má kàn sọ ọ́ di wolé-wolé o. Àwọn àgbà ṣì rántí bí gbogbo agboolé ṣe ń dà rú bí wọ́n bá ní wolé-wolé ń bọ̀ wá wo tanwíjí nínú àmù. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá wá ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí nọ́ọ̀sì kí ilé, kó gbé ọmọ, kó bi ìyá bóyá òun náà ti jẹun, bóyá ó ń rí oorun sùn, bóyá ó ń dá sunkún.

Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa fún àwọn nọ́ọ̀sì lówó ọ̀kadà, kó má jẹ́ àpò ara wọn ni wọ́n á ti máa yọ ọ́.